Bí A Ṣe Ń Ṣètò Olùtọ́jú Tí Yóò Máa Wá Sílé fún Òbí Tí Kò Fẹ́ Kúrò Nílé Rẹ̀ ní England

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí orúnkún wọn kọ̀ láti gbé wọn dé ilé ìwẹ̀ láìsí ẹni tí yóò di ọwọ́ wọn mú. Ilé wọn ní Peckham ní London, níbi tí wọ́n ti gbé fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n, kò jìnnà sí Rye Lane. Wọ́n mọ ẹni tí ń ta ẹ̀fọ́ níbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ń ta iṣu, ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì wà ní ìkángun òpópónà wọn. Nígbà tí dókítà dárúkọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èsì kan ṣoṣo tí wọ́n fọ̀ ni pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ ibẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láàrin kí òbí máa dá gbé láìní olùrànlọ́wọ́ àti kí á kó ẹrù wọn lọ sí ilé ìtọ́jú. Olùtọ́jú lè máa wá sílé fún ìdajì wákàtí, fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, tàbí fún wákàtí kan, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ tí ó bá wá, yóò sì máa lọ, kí ẹni tí ó ni ilé lè máa bá ọjọ́ rẹ̀ lọ bí ó ṣe ń bá a lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ilé kan yóò ní ẹ ti gbé ìyá yín fún àlejò. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní Luton, tí ó sì ń wakọ̀ wá sí Peckham láràárọ̀ láti wẹ ìyá rẹ̀, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn tí òbí wọn ń gbé England, nítorí òfin àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní Britain yàtọ̀. Ní Scotland, fún àpẹẹrẹ, bí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, bá ti rí i pé ẹnì kan nílò ìtọ́jú ara bí ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀, ọ̀fẹ́ ni láti ọdún 2002 fún ẹni ọdún 65 sókè, ó sì ti di ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 2019.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo pe ilé-iṣẹ́ olùtọ́jú kí n tó jókòó ronú. Ẹni tí ó gbé fóònù bi mí pé wákàtí mélòó ni mo fẹ́, mo ní ìdajì wákàtí láàárọ̀ àti ìdajì wákàtí lálẹ́, nítorí pé ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn nìyẹn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni ìyá mi máa ń jí láti gbàdúrà. Olùtọ́jú kì í dé títí di aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, torí pé àyè tí ó ṣẹ́ kù fún ilé-iṣẹ́ náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí mo yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀, mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti wérí, Bíbélì wà lórí itan wọn, aṣọ àwọ̀sùn wọn ti tutù láti ìdí dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì tutù bí omi yìnyín. Wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, wọn kò sì pè mí nítorí pé wọ́n mọ̀ pé mo wà níbi iṣẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe káńsù, kí ẹ tó pe ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ bí ọjọ́ òbí yín ṣe ń lọ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko. Ẹ kọ aago tí wọ́n jí, ìgbà tí wọ́n lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gbìyànjú kí wọ́n tó lè dìde lórí àga, ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tí wọ́n kàn fi ṣíbí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oògùn tí wọ́n gbàgbé, àti ìgbà tí wọ́n ta jí lóru. Ẹ kọ èyí tí wọ́n ṣì lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe pẹ̀lú, nítorí pé olùtọ́jú tí ó bá ń bá wọn ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe fúnra wọn yóò gba ìwọ̀nba agbára tí ó ṣẹ́ kù lára wọn. Ìyá mi lè bọ́jú, wọ́n lè fọ eyín, wọ́n lè fi òrí pa apá àti àyà wọn. Ẹsẹ̀ ni wọn kò lè tẹ̀ dé mọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ náà bá parí, ẹ ó rí i pé ibi méjì tàbí mẹ́ta péré ni ọjọ́ náà ti le. Ibẹ̀ ni kí olùtọ́jú máa bọ́ sí. Ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, oúnjẹ àárọ̀ àti oògùn fún ẹni tí kò lè yára rìn kò ṣeé ṣe ní ìdajì wákàtí bí kò ṣe pé wọ́n ń sáré lé e lórí. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ó kéré jù, wákàtí kan ni ó dára. NICE, àjọ tí ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀, sọ ní ọdún 2015 pé àbẹ̀wò tí kò tó ìdajì wákàtí kò yẹ kí ó wáyé àfi bí olùtọ́jú náà bá jẹ́ ẹni tí aláìsàn ti mọ̀, tí iṣẹ́ tí ó wá ṣe sì jẹ́ pàtó, bíi kí ó rí i pé wọ́n lo oògùn, tí ó sì jẹ́ ara ètò ìtọ́jú tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ìlànà yìí dáadáa bí ẹnikẹ́ni bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ̀ yín fún ìwẹ̀.

Káńsù

Òfin Care Act ti ọdún 2014 fi dandan lé e pé kí káńsù ṣe àyẹ̀wò fún àgbàlagbà yòówù tí ó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú, yálà ó lówó lọ́wọ́ tàbí kò ní. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà. Ẹ lè fi fóònù bèèrè fún un, ẹ sì lè bèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun mẹ́wàá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, lára wọn ni oúnjẹ, ìmọ́tótó ara, ìlò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ààbò nínú ilé, àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́. Bí ara tí kò dá bá mú kí ẹnì kan má lè ṣe méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn, tí èyí sì ń ṣe ìpalára gidi fún ìgbé-ayé rẹ̀, ó ti kún ojú ìwọ̀n.

Ibi tí àwọn àgbà wa ti ń pàdánù ni ọjọ́ àyẹ̀wò gan-an. Òṣìṣẹ́ káńsù yóò béèrè pé, "Ṣé ẹ lè wẹ̀ fúnra yín?" Màmá tí ó ti wọ aṣọ tí ó dára jù, tí ó ti ní kí wọ́n gbé ohun mímu fún àlejò, yóò sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Òṣìṣẹ́ náà yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lè wẹ̀. Màmá kò parọ́. Bí a ṣe kọ́ wọn láti dáhùn níwájú àlejò nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà lè ná wọn ní gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí ó tọ́ sí wọn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbé ìwé ọjọ́ méje yẹn kalẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé òfin kò ní kí ẹni náà má lè ṣe nǹkan rárá. Bí ó bá lè ṣe é ṣùgbọ́n tí ó ń fi ìrora ńlá ṣe é, tí ó ń pẹ́ jù bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó lè ti ibẹ̀ ṣubú, òfin kà á sí ẹni tí kò lè ṣe é. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìyá mi fi wọ aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé tí mo kọ sínú ìwé mi, gbólóhùn kan yẹn sì ṣiṣẹ́ ju gbogbo ẹjọ́ tí mo rò lọ. Bí òbí yín kò bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó, ẹ bèèrè fún ògbufọ̀, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nípa ara wọn tí ìyá kò ní fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ̀ túmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò tiyín lábẹ́ òfin yẹn kan náà. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀.

Owó

Káńsù yóò wo owó tí òbí yín ní kí ó tó pinnu ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú. Bí owó tí wọ́n fi pamọ́ bá ju £23,250 lọ, àwọn fúnra wọn ni yóò san gbogbo rẹ̀. Bí kò bá tó £14,250, káńsù kò ní ka owó ìpamọ́ náà rárá, ohun tí ń wọlé fún wọn nìkan ni wọn yóò wò, iye kan pàtó sì wà tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nínú rẹ̀. Bí ó bá wà láàrin méjèèjì, wọn yóò ka £1 lọ́sẹ̀ fún £250 kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé ní £14,250. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wa jù ni ilé. Níwọ̀n ìgbà tí òbí yín bá ń gbé inú ilé náà, tí ó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, káńsù kò gbọdọ̀ ka iye owó ilé náà mọ́ ọrọ̀ wọn.

Bóyá káńsù san owó ni o tàbí kò san, ẹ bèèrè fún Attendance Allowance, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún àgbà tí ó nílò ìtọ́jú. Ẹni tí ó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tí ìjọba fi lélẹ̀, tí ó sì ti nílò ìrànlọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà, ni ó wà fún, wọn kì í sì í wo iye tí ó wà ní báńkì. Ní ọdún ìṣúná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, £73.90 ni lọ́sẹ̀ fún ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án tàbí lóru, £110.40 sì ni fún ẹni tí ó nílò rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ fi fóònù bèèrè fún fọ́ọ̀mù náà, nítorí pé bí ẹ bá dá a padà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ tí ẹ pè ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó náà. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò ni kí ẹ kọ sí i, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rí gbà nìkan. Bí káńsù bá ka owó yìí mọ́ ohun tí ń wọlé fún wọn, ẹ kó rìsíìtì gbogbo ìnáwó tí àìlera náà fà jọ, bí ìlédìí, aṣọ tí à ń fọ̀ lójoojúmọ́ àti iná tí à ń tàn sí i nítorí òtútù, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Fún òbí tí ìwé ìgbélùú wọn sọ pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ nínú owó ìjọba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ má gba owó kankan lórúkọ wọn kí ẹ tó bá Citizens Advice, àjọ tí ń gbani nímọ̀ràn, tàbí agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀.

Bí káńsù bá sì gbà láti sanwó, ó lè fúnra rẹ̀ yan ilé-iṣẹ́ fún yín, ẹ sì lè ní kí ó san owó náà sí yín lọ́wọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín wá olùtọ́jú. Direct payment ni wọ́n ń pe èyí, òun sì ni mo gbà yín níyànjú bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ ètò tí ó ṣeé tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kì í sábà ṣeé fi san owó fún ìbátan tí ó ń bá òbí náà gbé nínú ilé kan náà. Bí ẹ bá sì fi gba ẹnì kan síṣẹ́ tààràtà, ẹ ti di agbanisíṣẹ́ nìyẹn: ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC tí ń gba owó orí, ẹ ó san owó ìsinmi rẹ̀, ẹ ó sì gba ìwé ìbánigbófò. Ẹ wo àkọsílẹ̀ DBS rẹ̀, èyí tí ń fi hàn bóyá ẹnì kan ti dá ọ̀ràn rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni.

Ilé-iṣẹ́ àti ìwé àdéhùn

Ní England, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń ṣe ìtọ́jú ara gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Care Quality Commission, àjọ tí ń yẹ iṣẹ́ ìtọ́jú wò, ẹ sì lè ka ìròyìn àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Oyè mẹ́rin ni wọ́n ń fi fún wọn, láti Outstanding dé Inadequate. Ẹ má wo oyè náà nìkan. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa pípẹ́ dé àti pípàrọ̀ olùtọ́jú, nítorí ibẹ̀ ni ìyà arúgbó wà jù.

Bí ẹ bá ti rí ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé ìwé ọjọ́ méje jáde, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè dé ní àwọn aago tí ẹ kọ, kì í ṣe aago tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ bèèrè iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kà sí pípẹ́, nítorí ilé-iṣẹ́ kan lè ní aago méje, kí ó jẹ́ pé ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni ìgbàkígbà láàrin aago mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ bèèrè iye olùtọ́jú tí yóò máa pín ilé yín ṣe. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n mọ màmá dára ju méjìlá tí wọ́n ń ka orúkọ wọn lójú fóònù ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń san owó fún àkókò tí olùtọ́jú fi ń rìn láti ilé kan dé èkejì, nítorí ẹni tí wọn kò san owó ìrìn fún yóò jí ìṣẹ́jú náà nínú àkókò ìyá yín, ebi kò sì ní jẹ́ kí a lè bá a wí.

Kí ìwé àdéhùn sì sọ ọ́ ní kedere bí ètò náà ṣe lè yí padà. Ọjọ́ mélòó ṣáájú ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ àbẹ̀wò kan kí ẹ má bàa san owó rẹ̀? Bí àbúrò yín bá ti Houston wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé ẹ lè dín àbẹ̀wò kù, kí ẹ sì rí àyè yín gbà padà bí ó bá lọ? Ṣé aago àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lè yá jù tàwọn ọjọ́ yòókù kí wọ́n lè múra ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ti ọjọ́ Ẹtì bọ́ sí ọ̀sán nítorí ìrun Jímọ̀? Èló ni ọjọ́ ọdún? Ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn ìwọ̀nyí lórí ìwé kò ní dáhùn wọn lórí fóònù nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sínú ìwé ètò ìtọ́jú

Ilé-iṣẹ́ yóò kọ ìwé ètò ìtọ́jú kan, yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ nílé tàbí sórí fóònù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a kọ. Olùtọ́jú tí ó kọ́kọ́ wọlé tọ ìyá mi jẹ́ ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀, onínúure ni, ṣùgbọ́n orúkọ àbísọ wọn ni ó fi pè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ òsì na oògùn sí wọn. Ìyá mi wí fún un pé àwọn ti wẹ̀. Wọn kò wẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un, òun náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ pé wọ́n kọ ìtọ́jú.

Mo bá tẹ ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, mo sì ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ètò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Màmá" ni kí wọ́n máa pè wọ́n, pé kí wọ́n kí wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n máa fi na nǹkan sí wọn, pé kí wọ́n bọ́ bàtà tàbí kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, pé wọ́n fẹ́ràn omi gbígbóná, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, pé kí aṣọ bo ibi tí wọn kò bá tíì fọ̀, àti pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ wẹ̀ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin ará Jamaica kan wọlé, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ tọ̀nà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n sì na ọwọ́ sí i kí ó gbé wọn dìde. Èyí ṣe pàtàkì ní ìlọ́po méjì fún àwọn tí iyè wọn ti ń ra, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi sílẹ̀ tí Yorùbá nìkan ń ṣẹ́ kù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sílẹ̀ fún olùtọ́jú: omi, ebi, ìrora, ìtọ̀, ó tó, ẹ pẹ̀lẹ́.

Nípa oúnjẹ, kò sí bí olùtọ́jú yóò ṣe ro àmàlà ní ìdajì wákàtí. Ẹ se ọbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì kó o sínú fìrísà. Ẹ ya fọ́tò bí ògì ṣe ń rí nígbà tí ó bá jinná. Bí oúnjẹ bá ti ń há òbí yín lọ́fun tàbí tí wọ́n ń wúkọ́ bí wọ́n bá mu omi, ẹ sọ fún dókítà kí ó fi wọ́n lé ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ gbígbé oúnjẹ mì, kí ẹ tó fún wọn ní òkèlè mìíràn. Nípa oògùn, èyí tí ó bá wà lórí ìwé nìkan ni olùtọ́jú lè fún wọn. Bí wọ́n bá ń mu àgbo, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, nítorí pé àgbo àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè ta ko ara wọn, olùtọ́jú kò sì ní mọ ohun tí ó fà á bí ojú wọn bá ń pòòyì.

Nígbà tí nǹkan bá yí padà

Ẹ fi àpótí kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ bí olùtọ́jú kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ káńsù fún irin ìdìmú ilé ìwẹ̀ àti àga ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ohun èlò tí káńsù bá rí i pé wọ́n nílò, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe kékeré tí owó rẹ̀ kò ju £1,000 lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún kọ ọjọ́ méje mìíràn, kí ẹ fi wé ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì yí ètò padà bí ó ti yẹ. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń kùnà, ẹ fi ẹ̀sùn kàn wọ́n lórí ìwé, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ káńsù bí káńsù ni ó yan ilé-iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ lè kọ̀wé sí Local Government and Social Care Ombudsman, ẹni tí ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù àti ìtọ́jú, ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ń fi owó ara wọn sanwó pẹ̀lú.

Ewu tí ó tóbi jù ni ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bá ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bèèrè títí di ìgbà wo ni wọn yóò fi tọ́jú àyè wọn. Kí wọ́n tó jáde, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè gba ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò, èyí tí kì í gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ọ̀fẹ́ sì ni, nítorí pé àwọn kan ń ti ibẹ̀ tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde tí wọ́n sì ń wọ aṣọ fúnra wọn. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ oògùn tuntun sílẹ̀ fún yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn wálé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì láìjẹ́ pé ẹ ti mọ orúkọ ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.